Bí Mo Bá Rí I Lójú Ọ̀nà, Mi Ò Ní Mú Un

Ìwé The Two Towers, apá kejì ìtàn The Lord of the Rings tí Tolkien kọ, tí mo kọ́kọ́ kà kò pé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Àwọn ewé ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ti já sọnù kó tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, mi ò sì mọ̀. Mo kà á dé ibi tí Shelob, aláǹtakùn ńlá inú ihò òkùnkùn, ti ta Frodo, ẹni tó ń gbé Òrùka ibi lọ pa run ní Mordor, ilẹ̀ ọ̀tá. Mo ka ibi tí Sam, ìránṣẹ́ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti kúnlẹ̀ tì í, tó pè é títí tí kò dáhùn, tó bọ́ Òrùka kúrò lọ́rùn rẹ̀ torí ó gbà pé ó ti kú. Mo ṣí ojú ewé tó kàn, èèpo ẹ̀yìn ìwé ni mo bá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣọ̀fọ̀ Frodo. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Màá jí lóru, màá rántí pé ó ti kú, màá sì tún sunkún jẹ́jẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni ìwé náà. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi jù mí lọ, ilé ìwé gíga ni wọ́n sì wà. Lọ́jọ́ tí wọ́n wálé fún ìsinmi, wọn ò tíì sọ àpò kalẹ̀ tí mo fi sọ fún wọn pé Frodo ti kú. Wọ́n wò mí. Wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣí i dé ẹ̀yìn, wọ́n fi ìka ra ibi tí ewé ti já. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó sílẹ̀ tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, wọ́n sì fi ẹnu sọ ohun tó wà nínú àwọn ewé tó sọnù náà fún mi: bí àwọn Orc, ọmọ ogun ọ̀tá, ṣe rí Frodo nílẹ̀, bí wọ́n ṣe gbé e lọ, bí Sam ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn pé aláǹtakùn náà kì í jẹ òkú ẹran, pé ńṣe ló ń fi oró kun ohun tó bá mú lóorun. Frodo wà láàyè. Ọwọ́ ọ̀tá ló bọ́ sí.

Láti ọjọ́ náà ni ìwé yẹn ti di ti àwa méjèèjì. Mo fi èyí ṣáájú kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tó lọ wo fíìmù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọdún 1954 àti 1955 ni Tolkien gbé The Lord of the Rings jáde, ní apá mẹ́ta. Nígbà tí ìròyìn kàn pé Peter Jackson ń fi í ṣe fíìmù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ní New Zealand, ẹ̀rù ló ba ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti wo èyí tí Ralph Bakshi fi àwòrán ṣe ní ọdún 1978, tó já ìtàn sáàárín ọ̀nà, tí apá kejì tó yẹ kó tẹ̀lé e kò sì jáde títí di òní. Wọ́n ní àwọn ò lè fara da kí wọ́n tún já àwọn sílẹ̀ báyẹn. Èmi ní tèmi tún ìwé náà kà látìbẹ̀rẹ̀ dópin kí fíìmù àkọ́kọ́ tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2001, bí ẹni tó fẹ́ lọ ṣe ẹlẹ́rìí ní kóòtù. Gbogbo ìwà, gbogbo ọ̀rọ̀, ẹni tó ṣe é àti ibi tó ti ṣe é, mo ti há a sórí.

Iná kú nínú ilé sinimá. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ilẹ̀kùn Bag End, ilé Frodo, yọ lójú wa, róbótó, aláwọ̀ ewé, pẹ̀lú ìdìmú idẹ kan ṣoṣo láàárín gbùngbùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ ọwọ́ mi mọ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn wa ni. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá mọ ìdí tó fi jọ ti inú orí wa tó bẹ́ẹ̀: Alan Lee àti John Howe, àwọn ayàwòrán méjì tí wọ́n ti ń ya àwòrán ìtàn yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni Jackson pè wá síbi iṣẹ́. Àwòrán wọn ló wà lára èèpo ọ̀pọ̀ ìwé tí àwa òǹkàwé ti ń dì mọ́ àyà. Ohun tí a rí nínú sinimá lọ́jọ́ náà, a ti ń rí i tipẹ́.

Mo ti múra láti bínú sí Frodo. Nínú ìwé, ẹni ọdún 50 ni nígbà tó kúrò nílé, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ ọdún 18 ni Elijah Wood nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù náà ní 1999. Ìbínú náà ò wá. Ojú ọmọ náà tóbi, ìbànújẹ́ sì ti wà nínú rẹ̀ kí ohun búburú kankan tó ṣẹlẹ̀. Mo gbà á.

Tom Bombadil, ọkùnrin olórin inú igbó tó wà nínú ìwé, ò sí níbẹ̀ rárá. Àwọn olólùfẹ́ ìwé náà ti fi èyí ṣe ẹjọ́ títí ẹnu fi bó. Mo fẹ́ràn Bombadil, mo fẹ́ràn bàtà aláwọ̀ ìyeyè rẹ̀ àti orin tó máa ń kọ láìsí ìdí, àmọ́ àìsí rẹ̀ ò dùn mí. Àlàyé Jackson ni pé Bombadil kò sún ọ̀rọ̀ Òrùka síwájú, òótọ́ sì ni. Ẹni tí kò dé inú fíìmù, fíìmù ò lè bà á jẹ́. Ó ṣì wà nínú igbó rẹ̀ níbi tí mo fi í sí, ìgbàkígbà tí mo bá ṣí ìwé, màá bá a níbẹ̀.

Ibi odò Bruinen ni ọkàn mi ti kọ́kọ́ kọ ohun tí mò ń wò. Nínú ìwé, Glorfindel, jagunjagun ẹ̀yà Elf, ló gbé Frodo sórí ẹṣin rẹ̀, Asfaloth, ẹṣin náà sì gbé e la odò kọjá ní òun nìkan. Ọgbẹ́ tí wọ́n fi ọ̀bẹ ibi ṣá a ti ń pa á lọ díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó dé òdì kejì, ó yí padà, ó yọ idà, ó dojú kọ Ẹlẹ́ṣin Dúdú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ó sì sọ fún wọn pé wọn ò ní rí Òrùka gbà, wọn ò sì ní rí òun náà. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó dún létí ara rẹ̀ bí igbe ọmọdé. Àmọ́ ó sọ ọ́. Nínú fíìmù, Arwen, ọmọbìnrin Elf kan, ló gbé e sáyà bí ẹrù, Arwen ló yọ idà, Arwen ló sọ̀rọ̀. Àwọn kan bínú torí Glorfindel, àwọn kan bínú torí pé Arwen inú ìwé kì í gun ẹṣin lọ sógun. Èmi ò bá Arwen jà. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n gba ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu Frodo. Ìgboyà tó ní lọ́jọ́ náà ló jẹ́ kí n gbà gbọ́ pé ó lè dé Mordor.

Ẹ má rò pé gbogbo àyípadà ni mo kórìíra. Ẹ wo ikú Boromir, ọ̀kan nínú àwọn tó bá Frodo rìn. Nínú ìwé, a ò rí ìjà yẹn. Aragorn, olórí wọn, ló gbọ́ ìwo rẹ̀, tó sáré dé, tó bá a tó fẹ̀yìn ti igi, ọfà ti gún un káàkiri ara. Boromir jẹ́wọ́ pé òun gbìyànjú láti gba Òrùka lọ́wọ́ Frodo, pé òun ti san ẹ̀san rẹ̀, ó sì kú. Fíìmù mú wa débi ìjà náà. Ọfà àkọ́kọ́ wọ Sean Bean, tó ṣe Boromir, lára, ó wó lulẹ̀, ó mí, ó tún dìde, ó ń bá ìjà lọ. Ọfà kejì. Ó tún dìde. Nígbà tí Aragorn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìjẹ́wọ́ inú ìwé náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí Tolkien ò kọ, pé arákùnrin òun ni Aragorn, balógun òun, ọba òun. Kò sí nínú ìwé. Boromir gan-an ni. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn ti bá ọkùnrin náà gbé. Ẹ̀gbọ́n mi, tí mi ò rí ẹkún wọn rí, bọ́ awò ojú wọn, wọ́n sì ń nù ún, wọ́n ń nù ún, títí ìran náà fi kọjá.

Torí náà, nígbà tí fíìmù kejì jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2002, a ò bẹ̀rù mọ́. Èmi tiẹ̀ ní ìdí tèmi tí mo fi ń kánjú. Aláǹtakùn yẹn ni mò ń retí. Mo fẹ́ rí i pé Frodo ṣubú, kí n sì gbọ́ kí Orc kan sọ ọ́ síta pé kò kú. Mo jókòó sí etí àga mi. Wákàtí kan, wákàtí méjì, wákàtí méjì ààbọ̀. Fíìmù parí, Shelob ò yọjú. Jackson ti gbé e lọ sí apá kẹta. Ìdí wà, torí bí ẹ bá fi ọjọ́ inú ìwé náà wé ara wọn, àkókò tí Frodo wà nínú ihò yẹn ni ogun Minas Tirith, olú ìlú Gondor, ń múra àti bẹ́ sílẹ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo lè dúró fún ọdún kan sí i. Mo ti dúró fún un rí.

Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi láti sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ká apá mọ́ àyà, wọ́n ń wo ogiri.

Faramir ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Àbúrò Boromir ni, balógun ní Gondor, oníwèé, ẹni tó ń jagun torí pé ogun dé, tí kì í fẹ́ràn idà nítorí mímú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jù ú lọ, ó sì mọ̀. Tolkien kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan ní ọdún 1944 pé òun kọ́ lòun pè é wá sínú ìtàn, pé ó kàn rìn wọlé láti inú igbó Ithilien ni. Nínú lẹ́tà mìíràn, ó ní bí ẹnikẹ́ni nínú ìwé náà bá jọ òun, Faramir ni. Ẹ̀gbọ́n mi mọ àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn. Wọ́n dàgbà láàárín àwọn ọkùnrin tí agbára wọn wà lẹ́sẹ̀ àti lápá, tí wọ́n máa ń béèrè ohun tí ìwé kíkà ń ṣe fún un lọ́wọ́ ọmọkùnrin. Faramir ni jagunjagun àkọ́kọ́ tí wọ́n rí tó jọ wọ́n.

Ohun tí Faramir ṣe nínú ìwé ni pé ó kọ Òrùka. Kó tó mọ ohun tí Frodo gbé dání ló ti sọ pé bí nǹkan ọ̀hún bá wà nílẹ̀ lójú ọ̀nà, òun ò ní mú un. Lẹ́yìn náà ni Sam, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu, jẹ́ kí àṣírí tú. Mo mọ ojú ewé yẹn bí ẹní mọ ọ̀nà ilé. Faramir dìde dúró nínú ihò àpáta náà, ó ga, ojú rẹ̀ le, ó ń tàn. Frodo àti Sam fò kúrò lórí àpótí ìjókòó wọn, wọ́n fẹ̀yìn ti ogiri, wọ́n ń wá idà wọn. Gbogbo ihò náà dákẹ́, àwọn ọmọ ogun pa ẹnu mọ́, wọ́n ń wò wọ́n. Faramir sọ ọ́ jáde: àǹfààní rèé fún òun láti fi irú ẹni tí òun jẹ́ hàn. Ó wá jókòó padà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ojú rẹ̀ tún fà ro. Ó parí. Láàárín dídìde àti jíjókòó rẹ̀ ni ayé fi orí lé ẹsẹ̀ kan.

Nínú fíìmù, kò jókòó. Ó fi idà fa Òrùka sókè lọ́rùn Frodo, ó ní Gondor ni Òrùka náà yóò lọ, ó sì dì wọ́n lọ́wọ́ mú wọn dé ìlú Osgiliath. Nígbà tí David Wenham, tó ṣe Faramir, sọ gbólóhùn yẹn, mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nínú òkùnkùn pé, "Rárá o."

A rìn jìnnà kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Wọ́n pa á," ni wọ́n wí.

"Ta ni, Bọ̀ọ̀dá?"

"Faramir. Wọ́n pa á, wọ́n wá ń ti òkú rẹ̀ rìn kiri."

Mi ò ní èsì kankan. Mo ti sunkún ikú ẹni tí kò kú rí nínú ìtàn yìí kan náà, mi ò sì lè sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe é bí ọmọdé.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rò ó. Jackson, Fran Walsh àti Philippa Boyens, tí wọ́n jọ kọ ìwé eré náà, ti ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Wọ́n ní fíìmù ti fi gbogbo agbára rẹ̀ sọ fún òǹwòran pé kò sẹ́ni tí Òrùka yìí kò lè fà. Ó fa Boromir ṣubú. Gandalf, oṣó àgbà náà, ò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Bí ọkùnrin kan bá wá yọ láti inú igbó, tó ní òun ò fẹ́, ẹ̀rù Òrùka yóò tán lójú òǹwòran. Mo gbọ́ ọ yé. Bí mo bá jẹ́ òǹwòran tí kò ka ìwé rí, bóyá màá bá wọn pa á pọ̀.

Àmọ́ mo ti ka ìwé, mo sì mọ̀ pé Òrùka fa Faramir náà. Kí ni ó dìde sí? Kí ló dé tí Frodo àti Sam fi ń wá idà? Ìdánwò náà wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé, nínú ara ọkùnrin kan tó dìde tó sì jókòó. Bí kámẹ́rà bá ti dúró sójú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, à bá ti rí i. Wọn ò gbẹ́kẹ̀ lé ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Wọ́n wá ìlú tó ń jó àti ẹran abàmì tó ń fò lókè kún un, wọ́n sì rò pé ìyẹn ni yóò jẹ́ kó wúwo.

Tolkien fúnra rẹ̀ ti bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pàdé. Ní ọdún 1958, wọ́n fi ìwé eré kan tí wọ́n fẹ́ fi ṣe fíìmù ìtàn náà ránṣẹ́ sí i, ó sì fi lẹ́tà gígùn dá wọn lóhùn. Inú bí i. Àwọn ẹyẹ idì ti pọ̀ jù. Ìjà wà níbi tí ìjà ò sí. Oúnjẹ ìrìn àjò àwọn Elf, wọ́n ti sọ ọ́ di oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ fún pọ̀. Ohun tó mú mi dúró nínú lẹ́tà náà ni ibi tó ti ní ìdí tí fíìmù kan fi ń bàjẹ́ ni pé wọ́n máa ń ki ohun tí kò yẹ bọ̀ ọ́, torí pé wọn ò mọ ibi tí ọkàn ìtàn náà wà. Ó mọ̀ pé wọn yóò gé nǹkan kúrò. Gígé kọ́ ló bí i nínú jù.

Ohun tí mo gbà náà nìyẹn, bí mo sì ṣe ń dàgbà ló túbọ̀ ń dá mi lójú. A kì í ṣọ̀fọ̀ ìran tí wọ́n yọ. Ènìyàn tí a mọ̀, tí wọ́n fún ní ọkàn ẹlòmíì, tí wọ́n sì ń fi orúkọ rẹ̀ pè é lójú wa, òun là ń ṣọ̀fọ̀.

Ọmọ Tolkien, Christopher, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ lórí ìwé àfọwọ́kọ bàbá rẹ̀, sọ fún ìwé ìròyìn Le Monde ní ọdún 2012 pé wọ́n ti kó ìfun ìwé náà jáde, pé wọ́n sọ ọ́ di fíìmù ìjà fún àwọn ọmọ ọdún 15 sí 25. Ẹ̀gbọ́n mi gbà pẹ̀lú rẹ̀. Èmi ò gbà tán. Ẹni tó ṣe ikú Boromir bẹ́ẹ̀ kò kó ìfun ohunkóhun jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi lọ wo ẹ̀kẹta ní ọdún 2003. Èmi nìkan ló lọ. Mo rí iná àmì Gondor tó ń tàn láti orí òkè kan sí òmíràn, nínú ìwé àtorí ẹṣin ni Gandalf àti Pippin ti rí wọn ní kíákíá, fíìmù wá jẹ́ kí a bá iná náà rìn lórí yìnyín àti àwọsánmà, mo sì dìde nídìí àga láìmọ̀. Mo rí ọkùnrin Elf kan tó sọ̀rọ̀ ṣókí fún Arwen, inú mi sì dùn, torí mo mọ ibi tó ti wá: nínú fíìmù àkọ́kọ́, ó kàn jókòó níbi ìpàdé Elrond láìsọ̀rọ̀ ni, àwọn olólùfẹ́ rí i, wọ́n sọ ọ́ ní Figwit, wọ́n pariwo rẹ̀ títí àwọn tó ń ṣe fíìmù fi fún un ní ọ̀rọ̀ sọ. Bret McKenzie lorúkọ òṣèré náà. Mo tún rí ibi tí Frodo ti lé Sam padà sílé lórí àtẹ̀gùn Cirith Ungol nítorí èérún oúnjẹ tí Gollum, afinimọ̀nà wọn, fi parọ́ mọ́ ọn. Ìyẹn ò sí nínú ìwé, mi ò sì tíì dárí rẹ̀ jì wọ́n. Frodo kò jẹ́ lé Sam.

Àmọ́ nítorí àtẹ̀gùn yẹn, Frodo nìkan ló wọ inú ihò náà. Shelob dé. Mo ti dàgbà, síbẹ̀ mo di apá àga mú bí ọmọ ọdún mọ́kànlá. Frodo ṣubú. Sam dé, ó sunkún lé e lórí. Àwọn Orc yọ. Ọ̀kan nínú wọn wá sọ ọ́, pé eléyìí ò tíì kú, àmọ́ ohùn Orc kọ́ ni mo gbọ́. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀ wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi rí ìran tó tẹ̀lé e dáadáa.

Fíìmù kẹta yìí gba Oscar 11 ní ọdún 2004, nínú 11 tí wọ́n yàn án fún. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi láti sọ fún wọn. "Ó dáa," ni wọ́n wí, wọ́n sì bi mí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.

Ẹ̀dà gígùn ti fíìmù kejì ni mo fi mú wọn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú ogójì ó lé ni wọ́n fi kún èyí tó jáde nínú sinimá. Mo ti gbọ́ pé wọ́n fi ìran kan kún ti Faramir, mi ò sì sọ nǹkan kan fún wọn. Mo kàn gbé àwo náà lọ sílé wọn ni, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, nítorí tèmi.

A wò ó dé ibi tí Faramir jókòó tó ń ronú lórí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú. Àwòrán yí padà. Osgiliath ni, àmọ́ ojú ọjọ́ mọ́, Boromir sì wà láàyè. Ó ti gba ìlú padà lọ́wọ́ ọ̀tá, àsíá wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ ogun ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ó dì mọ́ Faramir, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ife sókè. Bàbá wọn, Denethor, wá dé. Ó ń yin ọ̀kan, ó ń fojú tẹ́ ìkejì. Ó fẹ́ kí Boromir lọ bá òun mú Òrùka wá. Faramir ní kí ó rán òun. Bàbá rẹ̀ wò ó, ó sì da ọ̀rọ̀ yẹn gan-an sí i lójú, ọ̀rọ̀ inú ihò àpáta, ọ̀rọ̀ àǹfààní láti fi irú ẹni tó jẹ́ hàn, ó ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Boromir gun ẹṣin rẹ̀. Kó tó lọ, ó bojú wẹ̀yìn.

"Rántí òní, àbúrò mi."

Ẹ̀gbọ́n mi dá àwo náà dúró. Ojú Boromir há sórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n bọ́ awò ojú.

"Ṣe ẹ mọ̀ pé ó máa wà níbẹ̀ ni?" Wọn ò pè mí ní "ẹ" rí. Ojú Boromir ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi béèrè, bóyá àwọn tó ṣe fíìmù náà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Wọ́n dá a padà, a tún un wò. A tún un wò lẹ́ẹ̀kẹta.

"Kì í ṣe Faramir tèmi," ni wọ́n wá wí. "Tèmi ò nílò kí bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀ kó tó mọ ohun tó tọ́." Wọ́n dákẹ́. "Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni yìí náà."

A bá a lọ. Osgiliath, iná, ẹran abàmì tó ń fò. Faramir tú wọn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n sọ fún un pé ẹ̀mí rẹ̀ ni yóò fi dí i. Nínú ẹ̀dà gígùn yìí, ó sìn wọ́n dé ẹnu ihò tí wọ́n máa gbà jáde, Sam sì yíjú sí i, ó sọ fún un pé ó ti fi irú ẹni tó jẹ́ hàn, èyí tó ga jù lọ. Ọ̀rọ̀ inú ìwé ni. Nínú ìwé, inú ihò Henneth Annûn ni Sam ti sọ ọ́, níbi tí Faramir ti jókòó padà. Ó pẹ́ kó tó dé inú fíìmù, ó gba ọ̀nà jíjìn tí mi ò rò pé ó yẹ kó gbà. Ẹ̀gbọ́n mi bá Sam sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìṣi ọ̀rọ̀ kan.

Fíìmù parí. Mo fẹ́ pa á, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀. Orúkọ àwọn òṣèré kọjá, orúkọ àwọn tó ṣe ìhámọ́ra, àwọn tó tọ́jú ẹṣin. Lẹ́yìn ìyẹn ni orúkọ àwọn olólùfẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti to orúkọ àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ olólùfẹ́ fíìmù náà sí ìparí ẹ̀dà gígùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, ìlà lórí ìlà, láìsí ohun mìíràn ju orin lọ. Ó ń lọ, ó ń lọ. Mi ò mọ ẹnì kan nínú wọn, ẹ̀gbọ́n mi náà ò mọ ẹnì kankan. Wọ́n sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ náà jáde, èyí tí ojú wọn bá lè mú. Èmi náà lọ jókòó tì wọ́n. Mo ń ka àwọn tí wọ́n bá fò.